Kà Á Sókè Kí Wọ́n Tó Fà Á

Ọmọ mi, fa àga yẹn súnmọ́ fèrèsé. Iná ti lọ, mi ò sì fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo lé lórí. Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, ó ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ń rọbí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ọ́ sí, kí wọ́n tó gbé ọ wọ tíátà. Inú mi dùn gan-an. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì tíátà kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo wá kọ́ yàrá mẹ́ta yìí sí Kabusa ní Àbújá. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ, èyí tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí ni màá mú.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni.

O mọ bí àwọn aboyún àdúgbò yìí ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ jókòó lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún, wọ́n á máa sọ pé ẹni tó bá gbà á, ẹ̀yìn á máa ro ó títí ayé. Èmi kì í bá wọn bẹ̀rù ìyẹn. Abẹ́rẹ́ náà dára. Òun ló jẹ́ kí obìnrin máa gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń rán ikùn rẹ̀. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni ohun tó wà nínú sírínjì.

Oríṣi méjì ni abẹ́rẹ́ náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní spinal, ẹ̀ẹ̀kan ni: dókítà á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wọ inú omi tó yí okùn ẹ̀yìn ká, á ti oògùn díẹ̀ sí i, kò sì ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ obìnrin náà á fi kú, iṣẹ́ abẹ á bẹ̀rẹ̀. Òun ló wọ́pọ̀ jù fún àwọn tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún lórílẹ̀-èdè wa. Epidural yàtọ̀. Òun kì í wọ inú àpò omi yẹn, ìta rẹ̀ ló ń dúró sí. Rọ́bà kan tó tín-ín-rín bí òwú ni dókítà máa fi síbẹ̀, á fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, oògùn á sì máa gba inú rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ á fi dé. Ní Àbújá yìí, àwọn ilé ìwòsàn ńlá àti ti aládàáni tó gbówó lórí ni o ti máa rí i jù. Ti spinal, ẹ̀ẹ̀kan ni ewu rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn. Ti epidural, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fẹ́ fi oògùn kún un ni: ní agogo méjì òru, ní ìdájí, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ń lọ sílé tí òmíràn ń wọlé.

Wo bí obìnrin náà ṣe dùbúlẹ̀. Rọ́bà dírípù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Rọ́bà kejì ti ẹ̀yìn wá, wọ́n gbé e gba èjìká bọ́ síwájú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹnu àwọn méjèèjì rí bákan náà, sírínjì kan náà ló ń wọ̀ wọ́n. Oògùn inú wọn mọ́ gaara bí omi òjò. Ojú kò lè fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, imú kò sì lè gbọ́ òórùn wọn. Ṣùgbọ́n bí oògùn ẹ̀yìn bá wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dákẹ́. Bí oògùn iṣan bá wọ ẹ̀yìn, ó lè jó okùn tó so ọpọlọ mọ́ ẹsẹ̀ bí iná ṣe ń jó ìtàkùn.

Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ Kabusa yìí, o ti rí i pé èjìká làwọn obìnrin wọn fi ń ru ẹrù, ìbáà jẹ́ igi ìdáná tàbí garawa omi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo bi ìyá kan tó ń ta dòdò ní ìta wa léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní orí ló ń darí gbogbo ara, wọn kì í gbé ẹrù lé ọba lórí. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ibi tí ẹrù ń gbé wà fún ẹrù. Oògùn náà ní ibi tirẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ tèmi fún ọ, èyí tí mi ò sọ fún ìyá rẹ rí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Òru ni, ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin kan ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ kò sọ̀ kalẹ̀, ọkàn ọmọ náà sì ti ń rẹ̀ sílẹ̀. A gbé e wọ tíátà kíákíá. Bí dókítà ṣe ń nu ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ ni iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbéra, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan yọ fóònù rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí wa. Dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́ tí kò gbọ́dọ̀ fi kan nǹkan mìíràn, nítorí náà èmi ni mo ní láti ṣẹ́ ọrùn ìgò abẹ́rẹ́, kí n dì í mú, kí òun fi sírínjì fà á. Mo na ọwọ́ síbi tí mo ti máa ń mú un láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ìgò wà níbẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ, mo dì í mú. Dókítà ti ki abẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀.

Ọmọ tó mú tọ́ọ̀ṣì yẹn wá béèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ òun: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni tranexamic ń ṣe?"

Kì í ṣe pé ó fẹ́ tọ́ wa sọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ ló rí lára ìgò, ó sì fẹ́ kọ́ ọ. Dókítà dúró. Èmi náà dúró. Mo yí ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀. Oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni mo dì mú, èyí tí a máa ń fún obìnrin gba inú iṣan bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tó to àpótí oògùn lọ́sàn-án ló rí àyè tó ṣófo, ó sì fi í síbẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé ìgò náà bọ́, ó fọ́ yángá sílẹ̀. A mú òmíràn, a kà á lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, obìnrin náà bí ọmọbìnrin. Kí ó tó lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́ títí. Kò mọ ohun tó fo òun ru, mi ò sì sọ fún un. Ìyẹn ń dùn mí dòní.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Dókítà gbẹ́kẹ̀ lé mi. Èmi gbẹ́kẹ̀ lé àpótí. Àpótí wà lọ́wọ́ ẹni tó tò ó, ẹni yẹn sì gbẹ́kẹ̀ lé bí páálí ṣe rí. Nínú gbogbo àwa tí a ti fi iṣẹ́ yìí jẹun, kò sẹ́ni tó kàwé tó wà lára ìgò, àfi ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tèmi là sílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, mo sì ń wo ìgò náà. Ohun tí ọkàn mi ń retí ni ojú mi rí. Bí ojú ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn, ọmọ mi: kì í kàwé mọ́, ó kàn ń dá nǹkan mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí o máa fi ẹnu kà á, kí etí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹnu kò lè pe ohun tí kò sí níbẹ̀ bí ojú ṣe lè rí i.

Má torí ìtàn yìí kórìíra oògùn tranexamic o. Àwọn ìyá tó yẹ kó ti kú ló ń rìn káàkiri ìlú yìí nítorí rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n pè ní WOMAN, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ ló wà nínú rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè 21, àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà sì wà lára wọn. Wọ́n rí i pé bí a bá fún obìnrin ní oògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta tó bímọ, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń pa á dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lọ́dún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí a máa fi gíráàmù kan rẹ̀ sínú iṣan díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun rere gbáà ni. Ṣùgbọ́n oògùn tó wá gba obìnrin là di aládùúgbò oògùn ẹ̀yìn nínú tíátà kan náà, lórí tírè kan náà, nínú ìgò tó jọra. Ní oṣù kẹta 2022, WHO kan náà ní láti ké gbàjarè sí gbogbo ayé pé wọ́n ń fi í sí ẹ̀yìn àwọn aláboyún ní àṣìṣe, pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ló ń kú. Wọ́n ní kí a má tọ́jú rẹ̀ síbi tí oògùn ẹ̀yìn wà rárá, bó bá ṣeé ṣe kó wà ní ìta tíátà.

Bí o bá dé ibi iṣẹ́, lọ wo àpótí náà kí o tó béèrè ibi tí ilé oúnjẹ wà. Bí o bá bá àwọn méjèèjì pọ̀, lọ bá mátírọ́ọ̀nù kí o sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí kò bá dá ọ lóhùn, padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

O lè máa rò ó lọ́kàn pé àìní iná, àìní òṣìṣẹ́, ìyà Nàìjíríà ló ń fa irú èyí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní Swindon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù karùn-ún 2004, obìnrin ará Philippines kan lọ bímọ ní ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni. Lẹ́yìn tó bí ọmọkùnrin rẹ̀ tán, wọ́n gbé àpò omi kan kọ́ fún un, wọ́n fi í sí rọ́bà dírípù ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé omi iyọ̀ lásán ni. Bupivacaine ni, oògùn tó yẹ kó gba ẹ̀yìn wọlé. Ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí ikú náà ní 2008, wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn jákujàku níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì sọ pé wọ́n pa á lọ́nà tí kò bófin mu. Iná kò lọ ní Swindon o.

Ní Sydney ní Australia ní 2010, ti epidural ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ló gbà. Abọ́ méjì ló wà lórí tírè, omi iyọ̀ nínú ọ̀kan, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu awọ ara nínú èkejì. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara. Sírínjì lọ fa èyí tí kò yẹ, wọ́n tì í sí ẹ̀yìn obìnrin tó ń rọbí. Ọmọ rẹ̀ yè. Ìyá náà kò lè rìn mọ́. Látìgbà yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí mo bá rí abọ́ oògùn apakòkòrò lórí tírè abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, bí a bá ti nu ẹ̀yìn tán, mo máa ń gbé e kúrò kí wọ́n tó ṣí nǹkan mìíràn. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Ìwọ náà, máa ṣe é.

Èyí tí mo fẹ́ kí o gbé sọ́kàn jù ni ti Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ní oṣù keje 2006. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ló wá bímọ. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ṣe ṣíìfù méjì tẹ̀léra lọ́jọ́ tó ṣáájú, ilé ìwòsàn ló sùn mọ́jú, ó tún dìde sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀. Ọmọ náà ń bẹ̀rù, nọ́ọ̀sì yìí sì lọ mú àpò oògùn epidural wá kí wọ́n tó béèrè fún un, kí ó lè fi hàn án, kí ó lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ṣe fún un. Inú rere ló mú un ṣe é. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpò penicillin tó yẹ kó fún un. Nígbà tó na ọwọ́, èyí tí kò yẹ ló mú, ó so ó mọ́ dírípù. Ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara àpò oògùn wà níbẹ̀, kò lò ó. Ọmọbìnrin náà kú. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ jáde láàyè. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé nọ́ọ̀sì lọ sí kóòtù bí ọ̀daràn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìyà tọ́ sí i. Èmi kò gbà. Ẹni tó fi àárẹ̀ sílẹ̀ láti wá ṣàlàyé fún ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe apànìyàn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí a máa fi àárẹ̀ bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ṣì gba iṣẹ́. Èyí gan-an ni àìsàn tiwa níbí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fò lọ sí London àti Saudi, àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, wọ́n sì ń pè é ní ìfaradà. Bí ojú rẹ bá ti ń pa dé, sọ pé ó ń pa dé. Jẹ́ kí ẹnì kejì ka oògùn náà fún ọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni kí a máa fi ẹnu sọ pé ara wa le nígbà tí ọwọ́ wa ń wá ìgò.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. A ti kọ́ ọ nílé pé kí o má máa já àgbà lẹ́nu, ẹ̀kọ́ rere ni, èmi náà ló kọ́ ọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú tíátà, ìwọ lo máa wà lẹ́nu akèrègbè lọ́pọ̀ ìgbà. Bí o bá fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ohùn rẹ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ka bupivacaine heavy, 0.5 percent, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Kí lẹ̀yin kà?" Kí o dákẹ́, kí o dúró títí á fi kà á padà fún ọ. Bó bá ní kí o má fi àkókò òun ṣòfò, máa dúró síbẹ̀, máa di ìgò náà mú, má jẹ́ kó fà á. Wọ́n lè bínú sí ọ di ọjọ́ kejì. Wọ́n ti bínú sí èmi náà.

Oògùn tí a bá fà sínú sírínjì, kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o tó gbé e sílẹ̀. Bó bá ti kan tírè láìní orúkọ, dà á nù, ì báà jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo fà á tí o sì rò pé o mọ ohun tó jẹ́. Owó rẹ̀ kò tó ẹ̀mí. Rọ́bà tó wá láti ẹ̀yìn, fi pílásítà wé e nítòsí ẹnu rẹ̀, kí o fi lẹ́tà gàdàgbà kọ Ẹ̀YÌN sí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń lo irú ẹnu rọ́bà tuntun tí wọ́n ń pè ní NRFit, àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ṣe é. Sírínjì iṣan kò lè wọ̀ ọ́ rárá, bó ti wù kí ọwọ́ yára tó. Ó yẹ kí a ní in níbí, kí ẹ̀yin ọmọ sì máa béèrè fún un títí wọ́n á fi rà á. Ní báyìí ná, pílásítà ni tiwa. Àwọn ìgò tí a ti ṣẹ́, má sáré dà wọ́n sínú àpótí abẹ́rẹ́. Kó wọn sí igun tírè kan títí obìnrin náà á fi kúrò ní tíátà, nítorí bí nǹkan bá yí padà, àwọn ni wọ́n máa sọ òótọ́ fún yín.

Kí o sì mọ bí nǹkan ṣe ń yí padà. Bí oògùn ẹ̀yìn bá ń gba iṣan lọ, ara obìnrin náà sábà máa ń kìlọ̀. Á ní etí òun ń hó. Á ní ẹnu òun ń dùn bí ẹni tó lá irin, tàbí pé àyíká ètè òun ń ṣe wìnwìn. Á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń fa sírínjì sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ á jáde, tó sì máa ń ti oògùn epidural díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró láàárín. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń dúró yẹn. Ní àdúgbò yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì jinlẹ̀. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè "ṣé etí rẹ ń hó?" ní Hausa àti ní Gbagyi. Ìyá tó ń ta dòdò yẹn á kọ́ ọ ní ti Gbagyi, mo ti bá a sọ ọ́.

Ti tranexamic nínú ẹ̀yìn yàtọ̀. Dípò kí ẹsẹ̀ kú, obìnrin náà á ké pé ẹ̀yìn àti ìdí òun ń jó òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò fúnra rẹ̀, gìrì á tẹ̀ lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé abẹ́rẹ́ náà kàn kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni, tí obìnrin sì ń ké ìrora tuntun, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún un ní ìkejì kí ẹ tó lọ wo ìgò tó wà ní igun tírè.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí o béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: níbo ni Intralipid wà? Ọ̀rá olómi ni, ó funfun bíi wàrà, àwọn tí kò lè jẹun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Dókítà Guy Weinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago ló fi hàn ní 1998, lára eku, pé ó lè gba ọkàn tí bupivacaine bá ti mú là. Èyí tó jẹ́ 20 percent ni wọ́n ń lò. Fún obìnrin tó wọn kílò 70, nǹkan bí mililita 100 ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì sínú iṣan kíákíá, lẹ́yìn náà á máa kán lọ. Bí oyún bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ ti ilé ọmọ sí apá òsì, ẹ máa tẹ àyà rẹ̀, bí ọkàn kò bá sì padà, ẹ gbé ọmọ jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, torí àtigba ìyá náà là. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ní Intralipid wà nínú ilé ìkóoògùn, pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí pé kò sí.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ sí ọ ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀. Sọ ọ́ jáde ní ìṣẹ́jú tí o bá mọ̀. "Oògùn tí mo mú kì í ṣe èyí tó yẹ." Gbólóhùn yẹn ló ṣòro jù lọ láti sọ nínú iṣẹ́ wa, òun náà sì ló ń gba ẹ̀mí là jù, torí bí dókítà kò bá mọ ohun tó wọlé, kò lè mọ ohun tó máa fi lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún àwọn ẹbí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe ọkọ síta, wọ́n ní kó gba kámú, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọkùnrin náà sì gbà, ó wólẹ̀ níwájú wọn, ó dúpẹ́ pé wọ́n gbìyànjú. Mi ò lè ṣàlàyé fún ọ bí ó ṣe rí láti dúró níbẹ̀. Ọlọ́run kọ́ ló to àpótí yẹn. A kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ Rẹ̀ bo ọwọ́ wa. Àwọn ẹbí á bínú, wọ́n lè pariwo, wọ́n lè gbé ẹjọ́ lọ. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó bá purọ́ fún wọn máa ń purọ́ fún ara rẹ̀ pẹ̀lú, àpótí á sì wà bó ṣe wà di ọjọ́ obìnrin mìíràn.

Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lóru ọjọ́ yẹn á ti máa lọ síléèwé báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú tọ́ọ̀ṣì náà ti di nọ́ọ̀sì, ó ń pè mí lọ́dọọdún. Ìgbà tó tó ọdún kejì ni mo tó sọ ohun tó ṣe fún un. Ó sunkún lórí fóònù, ó ní òun rò pé mo ń bínú sí òun láti ọjọ́ yẹn nítorí pé òun béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí a kò ráyè.

Iná ti dé. Máákà méjì wà lórí tábìlì ìdáná, dúdú kan, pupa kan, pẹ̀lú pílásítà tí mo rà ní Garki lánàá. Fi wọ́n sí àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ kí o tó sùn. Pupa ni kí o máa fi kọ ti ẹ̀yìn.